Èérún Làńtànà Nínú Ọ̀pá Ìbọn

Ìró òkúta wẹ́wẹ́ nínú àwo táńganran ni ó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi létí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí Ìlọrin. Dókítà òyìnbó ló da àwọn òkúta náà sínú àwo lórí tábìlì kọ́ọ̀tù, wọ́n sì dún bí ìgbà tí ènìyàn bá da àgbàdo gbígbẹ sínú igbá. Pupa ni wọ́n, etí wọn sì mú bí abẹ. Kò sí ẹni tó wà nínú yàrá yẹn tí kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Èérún òkúta làńtànà ni, òkúta tí àwọn ará Ìlọrin ń lọ, tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ọba àti àwọn ìyàwó olówó ń so mọ́rùn. Inú òkú ènìyàn ni dókítà ti yọ wọ́n.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé ẹrù rélùwéè. Ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni, àwọn òyìnbó náà ò sì tíì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi máa dẹ́kun bíbèèrè ìgbà tí wọn yóò padà sílé. Mo tún ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan ní Èkó. Iye tí wọ́n ń ta òrí àti ẹ̀pà ni olóòtú mi fẹ́ gbọ́. Èmi ní tèmi ń wá ìròyìn tí yóò mú kí àwọn ènìyàn Èkó máa bi ara wọn léèrè pé ta ni akọ̀wé tó ń kọ̀wé láti Ìlọrin yìí. Ojoojúmọ́ ni mo ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn tí ń yan ewúrẹ́. Mo rò pé ìyẹn ni iṣẹ́ ìròyìn.

Bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àgbẹ̀ kan ló kú nínú oko rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń dáko, gbọ́ ìró ìbọn, òun ló sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó lọ sí odò, inú rẹ̀ ti fọ́, búùtà àlùwàlá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn dóńgárì, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ẹ́míà, ti mú aládùúgbò oko rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń dáko díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ làńtànà ni iṣẹ́ baba ńlá rẹ̀. Òun àti olóògbé ti ń ja ìjà ààlà láti ìgbà òjò nítorí igi òrí kan. Àwọn ènìyàn sì gbọ́ ọ lọ́jà Ipata tó ń pariwo mọ́ olóògbé pé, “Èmi àtìwọ, ẹnì kan yóò fi oko yẹn sílẹ̀ fún ẹnì kejì!” Ó ní ìbọn ṣakabùlà kan nílé. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ó ń rùn fún ẹ̀tù. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni dókítà wá yọ òkúta pupa kúrò nínú òkú náà.

Ìlú ti dá ẹjọ́ kí kọ́ọ̀tù tó jókòó. Mo lọ sí Ipata láti lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ìbéèrè mi.

“Ẹ rí ìyẹ́ adìẹ lẹ́nu ológbò,” ló wí, “ẹ tún ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀yin akọ̀wé yìí!”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, nítorí náà mo tún gba agbolé àwọn onílàńtànà lọ. Láti òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń ha òkúta lórí ọlọ, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Baba ẹni tí wọ́n mú jókòó sórí awọ àgbò, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára òkúta.

“Ọmọ Èkó,” ló pè mí, “sún mọ́ ibí.”

“Baba, èmi kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìhà Ẹ̀gbá ni mo ti wá.”

“Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn mọ́ ọrùn ara rẹ̀ nínú oòrùn yìí, ọmọ Èkó ni. Jókòó.”

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ òkúta rẹ́rìn-ín, èmi náà sì jókòó. Baba na ọwọ́ sí ìta. Ààtàn kan wà níbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó pupa bí ẹni pé wọ́n da osùn sí i. Gbogbo èérún tó kéré jù láti di ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ti ń dà síbẹ̀ láti ayé baba rẹ̀.

“Ta ló ni ìyẹn?” ni mo bi í.

“Kò sí ẹni tó ni ín. Àwọn obìnrin ń kó o tẹ́ ìdí àmù. Àwọn ọdẹ náà ń kó o. Láti ìgbà tí Bàtúrè ti ní kí a má ra òjé mọ́ àfi pẹ̀lú àṣẹ, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa kì sínú ìbọn? Ẹ̀wà?” Bàtúrè ni púpọ̀ nínú wọn ń pe òyìnbó. Ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò bóyá ó ti jọ̀lọ̀. “Ṣùgbọ́n bi gbogbo agbolé yìí léèrè, kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí yóò kì í sínú ìbọn ara rẹ̀. Òkúta yìí ń jẹ irin. Irin tí a fi ń lu ihò sí i, ó ń jẹ ẹ́ bí ọmọdé ṣe ń jẹ ìrèké. Wàláhì, ọmọ mi kì í ṣe wèrè.”

Mo dúpẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Mo rò pé ó ń gbèjà ọmọ rẹ̀ ni. Baba wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, èrò kún títí dé ìdí igi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ níta. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń gbọ́ ẹjọ́ náà, ọkùnrin gígùn kan tó ti ṣe sójà rí, tí kì í pariwo. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí ó bá dá onílàńtànà lẹ́bi, wọn yóò so ó kọ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dúró ní iwájú, ó rù, eruku pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ láàárín wọn.

“Ìbọn rẹ nìyí?”

“Ìbọn mi ni.”

“Ìgbà wo lo yìn ín gbẹ̀yìn?”

“Ọjọ́ Iléyá, nígbà tí Ẹ́míà ń ti yídì bọ̀. Ẹ̀tù lásán ni, kò sí ọta nínú rẹ̀. Gbogbo wa la yìn.”

“Ṣé ìwọ ló ni òkúta tó pa ọkùnrin yìí?”

Ó wo inú àwo náà pẹ́. “Òkúta agbolé wa ni, Bàtúrè. Ìbọn mi kọ́.”

Èrò pariwo. Ajẹ́lẹ̀ bi í pé báwo ni òun yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Onílàńtànà wá sọ ohun tí baba rẹ̀ ti sọ fún mi gẹ́lẹ́, pé òkúta náà ń jẹ irin, àti pé bí òun bá ti fi yìn ín rí, kí wọ́n la inú ìbọn náà wò, wọn yóò rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ fi ìka gbá tábìlì. Mo ti múra sílẹ̀ láti rí i kó bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ẹ lọ pe àgbẹ̀dẹ.”

Nígbà tí a ń dúró de àgbẹ̀dẹ, mo sún mọ́ tábìlì. Mo ti kà á níbì kan pé ẹni tó gbọ́n lè fi imú mọ ìgbà tí wọ́n yin ìbọn. Mo ti imú bọ ẹnu ìbọn náà, mo fà á símú dáadáa, mo sì mi orí bí ẹni tó ti rí òkodoro. Títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú ni èédú ẹ̀tù fi wà ní ṣóńṣó imú mi. Ògbufọ̀ rí i, àwọn dóńgárì rí i. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidi, wọn ò sọ nǹkan kan nípa imú mi.

Àgbẹ̀dẹ dé pẹ̀lú ariwo. Èèyàn kúkúrú ni, apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. “Èmi ni mo rọ ìdajì ìbọn tó ń sọ̀rọ̀ nílùú yìí,” ló fi kí ajẹ́lẹ̀, “ìdajì kejì, èmi ni mo tún un ṣe.” Ó kọ́kọ́ ti igi ìkìbọn wọlé títí ó fi dé ìdí, láti mọ̀ pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Ó wá fi ìdí ìbọn sínú iná, ó lù ú, ó yí i, irin tó dí ìdí rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ gbé ọ̀pá ìbọn náà sókè sí oòrùn, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀. Ó gbé e fún dókítà. Ó tún gbé e fún ògbufọ̀, ògbufọ̀ náà sì gbé e fún mi. Èédú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ èédú náà, inú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí inú ìwo màlúù.

Ìyẹn ò tó fún ajẹ́lẹ̀. Ó ní kí àgbẹ̀dẹ mú ògbólógbòó ìbọn kan wá láti inú irin àlòkù rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ la ìdí rẹ̀ láti wo inú rẹ̀, wọ́n tún un dí, wọ́n kó èérún pupa láti orí ààtàn, wọ́n kì í sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù àti àkísà, wọ́n sì lọ yìn ín mọ́ ògiri alámọ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n tún la ìdí rẹ̀. Inú ọ̀pá náà ti di bí ilẹ̀ tí adìẹ fi èékánná tàn. Mo ti gbọ́ ẹlẹ́rìí púpọ̀ láti ìgbà náà, àwọn tó ń búra àti àwọn tó ń sunkún, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí wọ́n bi irin léèrè ọ̀rọ̀, kí irin sì dáhùn.

Ajẹ́lẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó ní ìbọn ní agbègbè oko náà kó o wá. Wọ́n kó wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbẹ̀dẹ ń la wọ́n, ó ń bú ẹni tó rọ èyí tí kì í ṣe òun ló rọ. Èyí tí ìpẹta jẹ wà níbẹ̀, èyí tí alángbá ti yé ẹyin sí náà wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí òkúta ti ha. Ìbọn tó dé gbẹ̀yìn ni ti olóògbé fúnra rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí i títí. Ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ ìyàwó, wọ́n ti fi òrí pa á látòkè délẹ̀. Àgbẹ̀dẹ la ìdí rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó tún un wò. Ó gbé e fún ajẹ́lẹ̀. Ojú èékánná adìẹ wà nínú rẹ̀, ó ṣì ń tàn yinrin.

“Ta ló nu ìbọn yìí?” ni ajẹ́lẹ̀ bi àbúrò náà.

“Èmi ni.”

“Kí ló dé?”

“Ó dọ̀tí.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ajẹ́lẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. “Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ohun tó sì kàn ọ́ ni kí o nu ìbọn?” Ó dúró kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ tán. “Ṣé ìwọ lo yìn ín?”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Àwọn dóńgárì méjì sún mọ́ ọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Gbogbo ojú tó ti wà lára onílàńtànà ṣí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé di ọjọ́ kejì. Obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ mi ní Ipata ti yí ohùn padà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: “Mo ti sọ fún yín pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà.” Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni opó olóògbé wá. Ohun tó ya ìlú lẹ́nu ju ti ìbọn lọ nìyí, nítorí inú opó ló wà, obìnrin tó bá wà nínú opó ní Ìlọrin kì í jáde sáàárín ọkùnrin. Ó bo ara rẹ̀ látorí délẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wá. Ajẹ́lẹ̀ gbà kí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó máa sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀.

“Ọkọ mi ló dẹ ìbọn náà,” ló wí. “Ìmàdò ló ń jẹ iṣu wa. Ó so ìbọn mọ́ igi méjì ní ọ̀nà odò, ó fa okùn kọjá ojú ọ̀nà. Ó kìlọ̀ fún gbogbo wa pé kí a má gba ibẹ̀. Láti ilé ló ti máa ń pọn omi àlùwàlá rẹ̀ sínú búùtà, kó má baà dé odò rárá. Ọjọ́ yẹn ara ọmọ mi gbóná. Èmi ni mo fi omi búùtà náà wẹ̀ ẹ́ lórí. Mi ò sọ fún un. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó gbé búùtà, ó bá a lófìfo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àkókò Màgàríbì kì í pẹ́. Ó sáré gba ọ̀nà odò lọ. Ẹni tó kìlọ̀ fún wa ló gbàgbé.”

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹbí ọkọ mi ní kí n dákẹ́. Mo dákẹ́ nígbà tí ẹ mú onílàńtànà, mo ní Ọlọ́run yóò yọ ọ́. Ẹ tún wá mú àbúrò ọkọ mi. Ẹnì kan ti lọ. Kí ẹ má fi ẹlòmíràn kún un.”

Gbogbo wa lọ sí oko náà. Wọ́n ti gé igi pàlàkà méjì náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kùkùté wọn ṣì wà nínú ilẹ̀, ojú àdá ṣì funfun lára wọn. Àwọn pàlàkà náà fúnra wọn wà nínú koríko, okùn ṣì wà lára ọ̀kan. Wọ́n tò wọ́n padà sójú wọn, ìbọn olóògbé bọ́ sórí wọn wẹ́kú, ẹnu rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí ẹnu ìbọn dojú kọ, ó ní ìsàlẹ̀ ni àwọn òkúta náà ti wọlé, wọ́n ń gòkè. Ó ti rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé ẹni tó yìnbọn lúgọ nínú koríko ni.

Wọ́n mú àbúrò náà padà wá sí kọ́ọ̀tù. Òyìnbó ti ka dídẹ ìbọn sójú ọ̀nà léèwọ̀, ajẹ́lẹ̀ sì rò pé ìdí tó fi kó ìbọn náà pamọ́ nìyẹn. Ọkùnrin náà mi orí.

“Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló bà mí lẹ́rù,” ló wí. “Òwe ni.”

“Òwe wo?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe ìkà fún ẹnikẹ́ni. Ìmàdò ló dẹ ìbọn dè. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bó ṣe kú, títí ayé ni wọn yóò máa pa á mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà, nínú ìjà, níbi ìgbéyàwó. Wọ́n á ní ẹni tó bá gbẹ́ kòtò…”

Kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò parí rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, mo sì rí ètè àwọn àgbà kan tó ń mì. Ajẹ́lẹ̀ yíjú sí ògbufọ̀. “Kí ló sọ?”

“Ó ní òwe ni, sà.”

“Kí ni òwe náà?”

“Kò pa á, sà.”

Wọ́n fi àbúrò náà sẹ́wọ̀n fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ so aláìṣẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kí onílàńtànà máa lọ sílé. Ajẹ́lẹ̀ bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ, gbogbo wa sì gbọ́ etí, èmi jù wọ́n lọ. Mo ti tẹ lẹ́ẹ̀dì mọ́ ìwé.

“Ìbọn mi, Bàtúrè,” ló wí. “Ẹ ní kí àgbẹ̀dẹ bá mi dí ìdí rẹ̀.”

“Ó di ọ̀la,” ni àgbẹ̀dẹ dáhùn láti ẹ̀yìn. “Ọ̀dọ̀ mi kún.”

Olóòtú mi ní Èkó tẹ ìròyìn náà jáde ní ìlà díẹ̀ lábẹ́ iye òrí. Ó gé ọ̀rọ̀ obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ kúrò, ó gé ti opó náà kúrò, ó sì fi ìwọ̀n ọ̀pá ìbọn sílẹ̀, èyí tí mo kọ ní àṣìṣe.

Mo pẹ́ sí i nílùú náà ju bí mo ti rò lọ. Lẹ́yìn tí àbúrò olóògbé ti ẹ̀wọ̀n dé, mo wà ní Ipata lọ́jọ́ kan nígbà tí òun àti alágbàtà ọkà kan ń jà. Ọ̀rọ̀ gbóná, alágbàtà náà sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ti ìdílé yín ni n kò mọ̀? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá…” Onílàńtànà wà nítòsí, ó ń pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sórí ẹní. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti pa òwe yẹn, òun ni. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ pupa sókè.

“Má parí ẹ̀,” ló wí.

“Ọ̀rọ̀ mi ni mò ń sọ.”

“Mo gbọ́. Má parí ẹ̀.”

Alágbàtà náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú àwọn tó dúró, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ọkà. Àbúrò olóògbé kò dúpẹ́, kò tilẹ̀ wo ìhà ibẹ̀. Onílàńtànà bẹ̀rẹ̀, ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mo ti dàgbà báyìí. Iṣẹ́ mi ni láti máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ènìyàn, òwe sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, mo fi wọ́n sí ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Èyí tí mò ń sọ yìí dùn, ó ṣe kókó, ó sì tọ́ sí ìtàn yìí ju gbogbo òwe mìíràn lọ. Ó ti dé ẹnu mi nígbà púpọ̀, níbi tí ì bá ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń gbọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń dún nínú àwo táńganran, mo sì máa ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.